Ọpẹ́ Tí Bàbá Kò Dúró Gbà

Nílé wa, tó bá ti di ọjọ́ ọlidé ìkórè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan oúnjẹ títí Bàbá yóò fi gbé ìpín àkọ́kọ́ jáde. Ebi ì báà máa pa yín, kí ọbẹ̀ máa ta sánsán dé ìta, ẹ óò jókòó síbẹ̀ ni, ẹ óò máa wo ìkòkò, ìkòkò náà á sì máa wò yín. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, n kì í ṣe onísùúrù. Láti kékeré ni mo ti ń bínú sí ìpín àkọ́kọ́ yẹn, nítorí itan adìyẹ tó tóbi jù ló máa ń bá a lọ.

Ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ni Bàbá ti kọ́ ọ. Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ohun tó dára jù nínú ìkòkò ni kí ẹ bù, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ bò ó. Ẹ gbé e lọ sílé ẹni tí ọdún náà kò rọ̀ fún, ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì yára kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ara yín, ẹ kò gbọ́dọ̀ padà wá bèèrè abọ́ tàbí aṣọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró gba ọpẹ́. Bàbá máa ń sọ pé ẹni tó bá dúró gba ọpẹ́ ti ta oore rẹ̀, ó sì ti gba owó ọjà.

Kò kúkú sẹ́ni tí kò mọ̀ pé òun ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ ikọ́ rẹ̀ àti ìró bàtà rẹ̀. Ọdún kan wà tó ń sá bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹnìkan, ló bá fẹsẹ̀ kọ korobá omi, omi náà sì rẹ ṣòkòtò rẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀. Onílé yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹni tí mi ò mọ̀!" Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kànlẹ̀kùn-Sálọ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Káfíńtà ni.

Láti ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ìpín yìí ń lọ, ti Ìyá Alágbàfọ̀ ní ìparí òpópónà wa. Opó ni. Aṣọ àwọn ará àdúgbò ló ń fọ̀, tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí kò lè dúró pẹ́ nídìí ọpọ́n mọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ìlú mìíràn ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ kejì ọlidé ni wọ́n fẹ́ lọ. Ó ti ń dágbére káàkiri, ó ń dá aṣọ oníkálukú padà fún un.

Ọdún náà kò rọ̀ fún àwa náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ẹ̀rọ ìlagi gé Bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló kù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní títì látìgbà náà, ọwọ́ wa sì há. Egbò jinná, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn kò jinná. Bàbá kò jẹun níwájú èèyàn mọ́. Ọwọ́ òsì ló kù tó lè fi di ṣíbí mú, ojú sì ń tì í bí ẹni tó jalè. Màmá á bu oúnjẹ, á gbé e wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ṣèèṣì wọlé bá a, á ti abọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń dùn mí gan-an. Télọ̀ ni mí, pálọ̀ ni mo ti ń ránṣọ, mo sì máa ń gbọ́ ìró ṣíbí tó ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yàrá. Màá tẹ máṣíìnì mi kíkankíkan kó má baà mọ̀ pé mo gbọ́.

Láàárọ̀ ọlidé, ẹ̀wà ló wà lórí iná, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti dé láti ìrìnàjò. Ọkọ̀ rẹ̀ dúró gbọọrọ níwájú ilé. Ó ṣí ìkòkò, ó fi ìgbakọ wá inú rẹ̀ lọ wá inú rẹ̀ bọ̀.

"Màmá, ṣé ẹran ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wà yìí ni?"

"Wá a dáadáa," ni Màmá dá a lóhùn. "Tó o bá rí i, pè mí kí n wá kí i."

Ẹ̀rín ni a ń rín lọ́wọ́ tí Bàbá fi jáde ní yàrá. Ó ti wọ aṣọ ọlidé rẹ̀, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. "Ṣé ẹ ti bu ìpín àkọ́kọ́?"

Màmá gba ìgbakọ lọ́wọ́ àbúrò mi. "Ìpín kí ni, Bàbá Télọ̀? Ẹ wo inú ìkòkò. Ẹni tí ọdún kò rọ̀ fún lẹ ní ká máa gbé oúnjẹ fún. Àwa wá ńkọ́?"

"Bàbá mi gbé ìpín jáde lọ́dún tí iná jó ilé rẹ̀."

"Bàbá yín fẹ́ ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí a fi gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo lọ ṣílẹ̀kùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnikẹ́ni. Abọ́ kan ló wà nílẹ̀, abọ́ ńlá tó ní ìdérí, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo gbé e wọlé, mo ká aṣọ kúrò, mo ṣí ìdérí. Ìrẹsì funfun ni, ọbẹ̀ pupa lórí rẹ̀, odindi itan adìyẹ méjì, ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀.

"Ọlọ́run ò sùn o!" ni àbúrò mi kígbe, ó sì ti ń wá ṣíbí.

Mo wo ojú Bàbá. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ọrùn rẹ̀ le gan-an, tí ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹnìkan ní àdúgbò yìí ti jókòó, ó ti ro gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé Káfíńtà ni ọdún kò rọ̀ fún. Ohun tí Bàbá rí nínú abọ́ yẹn nìyẹn, kò rí adìyẹ rárá.

"Wọ́n ṣì í gbé ni," ó wí.

"Ilẹ̀kùn wa ni wọ́n kàn," ni Màmá fèsì.

"Ó dáa náà. Ọlọ́run ti pèsè ohun tí a máa gbé jáde. Ẹ dà á sínú abọ́ wa."

Àbúrò mi di ṣíbí mú sáyà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká tọ́ ọ wò."

"Mo ní ẹ dà á sínú abọ́ wa."

Tí Bàbá bá fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀, a kì í jiyàn. Màmá dà á. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ funfun tí mo ti ṣẹ́ etí wọn sílẹ̀, mo fi bò ó. Nítorí pé Bàbá kò lè fi ọwọ́ kan gbé abọ́ kó tún fi kan ilẹ̀kùn, èmi ni mo gbé e tẹ̀ lé e.

Inú ń bí mi lọ́nà, n kò fẹ́ purọ́. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń rìn. Láti ìgbà òjò, ńṣe ló máa ń fi ara pa mọ́ lẹ́bàá ògiri bí ó bá jáde, àmọ́ lọ́jọ́ náà àárín ọ̀nà ló gbà, ó gbé orí sókè, ó ń kí èèyàn. Oníbúrẹ́dì kí i, ó dúró, ó bèèrè àwọn ọmọ. Bàbá mi àtijọ́ ni mò ń wò yẹn. Nítorí náà mo gbé ẹnu mi dákẹ́, èyí tí kò wọ́pọ̀.

A dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Alágbàfọ̀. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, Bàbá kan ilẹ̀kùn, a sì yà sí kọ̀rọ̀ ògiri. A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀, a gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Lọ́dọọdún, tí kò bá ti rí ẹnikẹ́ni, á ké sí òpópónà tó ṣófo pé, "Ẹ ṣeun o! Ẹ ò ní rí ibi o!" Bàbá á sì yára ẹsẹ̀ kí àdúrà náà má baà bá a. Lọ́jọ́ náà, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀, ìdérí abọ́ dún. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn padé jẹ́jẹ́.

"Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni," Bàbá wí. "Ẹrù ló ń dì."

Nígbà tí a padà délé, Màmá dúró lójú fèrèsé, ó na aṣọ tó bo abọ́ àárọ̀ sínú ìmọ́lẹ̀.

"Télọ̀, wá wo etí aṣọ yìí fún mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?"

Mo gbà á. Kò sí bí èèyàn kò ṣe ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣẹ́ etí àwọn aṣọ ìpín wa, mo sì máa ń rán igun wọn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé n kò fẹ́ràn igun tó ń tú. Aṣọ wa ni. Ó ti bá ìpín àkọ́kọ́ jáde nílé wa lọ́dún kan tí ó ti kọjá. Ẹnìkan ti fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ ju ìgbà tó kúrò lọ́wọ́ mi lọ, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́ débi pé ojú ibi tó ká a sí tọ́ geerege. Ní gbogbo àdúgbò wa, ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi sítáàṣì sí aṣọ báyẹn.

Màmá gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! A ti dá oúnjẹ Ìyá Alágbàfọ̀ padà fún un."

Àbúrò mi gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn dáná fún yín, kí ẹ má tọ́ ọ wò, kí ẹ gbé e padà síwájú rẹ̀ bó ṣe gbóná. Yálà ẹ rò pé ó fi nǹkan sí i ni, tàbí ẹ rò pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó èyí tí ń bọ́ yín. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tán, obìnrin náà á ti lọ, ohun tó sì máa gbé kúrò ní òpópónà wa nìyẹn.

Bàbá jókòó sórí àga ìdáná. "Mi ò lè padà lọ síbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹ̀sín ta ni?" Màmá wí. "Tiyín àbí tirẹ̀? Obìnrin yẹn fi ẹsẹ̀ tí kò gbà á dúró dúró dáná fún yín."

"Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un. Kì í ṣe òun ló yẹ kó máa gbé e fún mi."

"Ṣé ẹ̀yin nìkan l'Ọlọ́run dá ní olóore láyé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó yẹ. Mo rí i. Bàbá yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde lápò níwájú gbogbo wa, ó ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde, kò pe ẹnikẹ́ni, ó ń lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e.

Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀bá ògiri ló gbà. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ti yí padà tán láti lọ, mo sì rí bó ṣe fi tipátipá yí ara náà padà. Ó dúró. Ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀, ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá Alágbàfọ̀ wọ aṣọ tó dára jù lọ lára àwọn aṣọ rẹ̀. Ó wò wá, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọlé," ó wí, ó sì yà fún wa.

Yàrá náà ti ṣófo. Àpótí méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi okùn dì wọ́n. Okùn ìsáṣọ ṣì nà láti ògiri dé ògiri, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ lórí rẹ̀ mọ́. Tábìlì tó fi ń lọ aṣọ nìkan ló kù láàárín ilé, abọ́ wa wà lórí rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi, Bàbá Télọ̀," ó wí. "Ṣé ẹ rò pé mo fi nǹkan sí i ni?"

"Ká má rí i! Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbé e wá."

"Tí ẹ bá mọ̀ ńkọ́?"

Irọ́ kì í dùn lẹ́nu Bàbá. "Ǹ bá ṣì dá a padà," ó wí.

Ìyá Alágbàfọ̀ mi orí. Ó fi ọwọ́ di tábìlì mú, ó jókòó díẹ̀díẹ̀. "Mo sá fún yín láàárọ̀, ṣé ẹ mọ̀? Èmi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ọmọ yín ni mo sá pamọ́ sí. Inú mi dùn débi pé mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ má gbọ́ ẹ̀rín mi. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, bó ṣe máa ń rí lára wọn rè é. Mo délé, mo jókòó, mò ń ronú pé wọ́n á ti máa jẹun báyìí. Ni mo bá gbọ́ tí ẹ kan ilẹ̀kùn."

Mo wo ilẹ̀. Ojú tì mí fún gbogbo ilé wa.

"Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni," ó ń bá a lọ. "Ẹ ti sọ mí di ọlọ́ṣà. Gbogbo ọdún lẹ máa ń kanlẹ̀kùn, kí n tó gbé ẹsẹ̀ yìí dìde, ẹ ti lọ. Tí mo bá pàdé yín lọ́nà, tí mo fẹ́ dúpẹ́, ẹ ó ní mo ṣì yín mọ̀. Ẹ mọ fífúnni, Bàbá Télọ̀. Ẹ ò mọ gbígbà."

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó gé sókè díẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé agbára káká ni mo fi gbọ́ ọ. "Ìyá, ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹun báyìí."

Ìyá Alágbàfọ̀ kò sọ pé, ẹ pẹ̀lẹ́. Gbogbo èèyàn ti sọ ẹ pẹ̀lẹ́ fún Bàbá títí ọ̀rọ̀ náà fi sú u. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì tirẹ̀ sórí tábìlì, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ, tí ìka rẹ̀ ti wọ́. "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Ẹ jókòó, oúnjẹ ń tutù."

Ó tu aṣọ kúrò lórí abọ́, ó fi ṣíbí síwájú rẹ̀, ní apá òsì. Bàbá jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òjò, mo rí bàbá mi tó ń jẹun. Ṣíbí já bọ́, ìrẹsì dà sórí tábìlì. Ìyá Alágbàfọ̀ kò gbé ojú kúrò, kò sì bá a fi oúnjẹ sẹ́nu. Ó mú ṣíbí, ó nù ún, ó fi í padà sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Bàbá tún bù ú. Ó jẹ itan adìyẹ kan tán títí kan egungun, ó fi èkejì sílẹ̀ fún un, òun náà sì jẹ ẹ́. Èmi ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, n kò tiẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," Bàbá wí nígbà tó jẹun tán. "Mo jẹ, mo yó. Ó dùn." Ó ti dìde kó tó sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, Bàbá Télọ̀. Èmi ò tíì dúpẹ́."

"Ìyá, kò tọ́pẹ́."

"Ó tọ́pẹ́." Ó ká aṣọ funfun náà sí mẹ́rin, ó gbé e sórí itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. "Ọdún tí ọkọ mi kú, mi ò dáná lọ́jọ́ ọlidé. Mo sọ fún ara mi pé mi ò tún ní dáná mọ́ láé. Ẹ kanlẹ̀kùn. Mo jẹ ìrẹsì yẹn pẹ̀lú omijé, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́, mo sì dáná lọ́jọ́ kejì. Ẹ ṣeun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi ń ṣàìsàn, ó kọ gbogbo oúnjẹ. Ó rí itan adìyẹ tiyín, ó dìde jókòó. Ẹ ṣeun. Ọdún tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀..."

Bàbá tún fẹ́ sọ pé kò tọ́pẹ́. Ó wo ojú rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ó padà jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó sì gbọ́ ọ títí ó fi dúpẹ́ tán.